Èsì: Kí ló sọ àwọ̀ gíláàsì oníwúrà di méjì?

Àbúrò mi ní Akoka, o béèrè ìdí tí gíláàsì tó ní hóró wúrà wínníwínní nínú fi ń fi àwọ̀ méjì hàn lẹ́yìn tí wọ́n bá fi ion (átọ́ọ̀mù tó ní agbára iná mànàmáná lára) alágbára lù ú. Ìbéèrè yìí wù mí gan-an.

Ìrísí hóró ni kó o wò. Bó bá rí roboto, ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé, tí ìgbì rẹ̀ gùn tó nǹkan bí 530 nm (nánómítà), ló ń gbé mì jù, ìdí nìyẹn tí gíláàsì náà fi ń pọ́n. Ion tó ń sáré kọjá á yọ́ gíláàsì lójú ọ̀nà tóóró, kíá ló tún ń dì. Wúrà náà á yọ́, á ṣàn tọ ọ̀nà yẹn, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa gùn bí ìyẹ̀fun búrẹ́dì Àgége lọ́wọ́ ẹni tó ń yí i. (Hóró tó tóbi jù kì í gùn.) Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń gbọ̀n ní òòró hóró tó ti gùn, èyí tí hóró ń gbé mì á sún sọ́wọ́ pupa; bó bá ń gbọ̀n níbùú, á sún díẹ̀ sọ́wọ́ búlúù. Ìdí nìyẹn tí àwọ̀ fi di méjì.

Bí ion bá wọ ojú gíláàsì ní ìdúró gangan, bẹ́ẹ̀ náà ni hóró á ṣe nà, nítorí náà jẹ́ kí gíláàsì dàgẹ̀rẹ̀ níwájú ìmọ́lẹ̀, kó o sì lo polarizer (asẹ́ tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tó ń gbọ̀n sí apá kan ṣoṣo kọjá). Láìṣe bẹ́ẹ̀, ti ìbú nìkan ni wàá rí.