Èsì sí ìbéèrè lórí ìdè tí wọ́n fi ẹ̀rọ 3D (ẹ̀rọ tó ń tẹ nǹkan gidi jáde ní ìpele-ìpele) ṣe láti di ọ̀nà èémí ìkókó mú: Ṣé kò ní fún ọmọ náà lọ́rùn bó bá ń dàgbà?

Ẹ̀gbọ́n, kò ní fún un. Èyí tí dókítà Glenn Green àti ẹnjiníà Scott Hollister fi ẹ̀rọ tẹ̀ ní Yunifásítì Michigan fún ìkókó kan ní 2012 kò yí ọ̀nà èémí po tán. Ẹ̀gbẹ́ kan là sílẹ̀, bí ẹ̀gbà ọwọ́ tí etí rẹ̀ kò pàdé. Ìta ni wọ́n rán an mọ́, kó lè di ọ̀nà tó rọ̀ jù náà mú, kó má baà pa dé. Bí ọmọ ṣe ń dàgbà, bẹ́ẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ ń yà. Polycaprolactone, irú ike kan, ni wọ́n fi ṣe é; láàárín nǹkan bí ọdún 3, yóò ti yọ́ sínú ara, kò sí pé wọ́n tún ń ṣiṣẹ́ abẹ láti yọ ọ́. Ibẹ̀ ló wù mí jù.

Ní ti kápúsù oògùn tí wọ́n ń sọ pé ó ń yí ìrísí ara rẹ̀ padà nínú ìfun, yàrá ìwádìí ló ṣì pọ̀ sí. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tà á fún yín lórí WhatsApp o.