Ṣé èèyàn lè fi ojú lásán dá oríṣi ẹ̀fọn tó ń fa ibà mọ̀ yàtọ̀ sí àwọn tó jọ ọ́?

Ojú lè bá ọ dé ìdajì ọ̀nà. Anopheles, ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kiri, sábà máa ń gbé ìdí sókè tó bá bà sára ògiri. Lábẹ́ máíkírósíkóòpù, wàá rí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu abo rẹ̀, tó gùn tó ẹnu náà. Ti abo Culex, irú ẹ̀fọn mìíràn, kúrú gan-an. Àmì funfun wínníwínní wà lẹ́sẹ̀ Anopheles gambiae, ẹsẹ̀ Anopheles funestus sì dúdú.

Ibi tó ti le ni pé ohun tí à ń pè ní gambiae kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. Wọ́n ju mẹ́fà lọ, wọ́n sì jọra débi pé ọ̀jọ̀gbọ́n tó ti ń wo ẹ̀fọn láti ìgbà pípẹ́ kò lè fi ìrísí yà wọ́n. DNA, àkọsílẹ̀ àbùdá tó wà nínú ara ẹ̀dá, ló ń yanjú rẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀fọn kan péré ti tó: àyẹ̀wò PCR á sọ apá kan nínú DNA rẹ̀ di púpọ̀, gígùn apá náà á sì fi irú ẹ̀fọn tó jẹ́ hàn. Ọdún 2013 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ọ̀kan lára wọn, coluzzii, ní orúkọ tirẹ̀.

Má fojú kékeré wo ìyàtọ̀ yìí o. Nínú àwọn oríṣi tó jọra yìí, màlúù ni quadriannulatus sábà máa ń jẹ, kò sì fi bẹ́ẹ̀ kan ọ̀rọ̀ ibà. Ṣùgbọ́n arabiensis ń jẹ èèyàn àti màlúù, ó sì máa ń jẹni níta, níbi tí nẹ́ẹ̀tì kò sí.