Olùkọ́ tó ń lọ ṣiṣẹ́ nílẹ̀ òkèèrè: kí ló yẹ kó wọ inú báàgì?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́, olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mí. Mo ti rí iṣẹ́ ọdún méjì ní iléèwé kan nílẹ̀ òkèèrè, oṣù tó ń bọ̀ ni mo sì máa gbéra. Báàgì méjì ni ọkọ̀ òfurufú gbà mí láàyè, kìló 23 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ẹni tí mo bi léèrè ló ní ohun tó ní kí n kó: ìwé, aṣọ òtútù, ìkòkò, aṣọ ìbora. Bí mo bá ní kí n tẹ̀ lé gbogbo wọn, báàgì mẹ́fà ò ní gbà á. Báwo ni mo ṣe máa mọ ohun tó yẹ kí n gbé?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú oríire iṣẹ́ tuntun. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa bá àwọn olùkọ́ palẹ̀ irú ìrìn àjò yìí mọ́, ìbéèrè kan sì wà tí mo máa ń ní kí wọ́n bi ara wọn lórí ohunkóhun tí wọ́n bá mú dání: bí mi ò bá gbé èyí lọ, ṣé mo lè rí òmíràn níbẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ fi í sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìkòkò àti aṣọ ìbora ti parí nìyẹn. Kò sí ìlú tí èèyàn ń gbé tí wọn kì í ta ìkòkò, ọ̀pọ̀ iléèwé tó ń gba olùkọ́ láti òkèèrè ló sì máa ń fún wọn nílé tí ẹrù ti wà nínú rẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó ra ohunkóhun.

Ohun tó máa ṣẹ́kù ni ìwé ẹ̀rí, oògùn, ohun tó jẹ́ pé ara yín nìkan ló bá mu, àti ìwọ̀nba nǹkan tí ẹ máa fi kọ́ àwọn ọmọ. Màá pẹ́ díẹ̀ lórí ìwé ẹ̀rí, torí òun ló máa ń dá olùkọ́ dúró jù.

Sàtífíkéètì yín gan-an ni kí ẹ gbé, kì í ṣe ẹ̀dà rẹ̀ nìkan: ti yunifásítì, ti iṣẹ́ olùkọ́, àkọsílẹ̀ máàkì láti yunifásítì, ìwé ẹ̀rí ìbí, ìwé ìgbéyàwó bí ẹ bá ti ṣègbéyàwó, ìwé ọlọ́pàá tó fi hàn pé ẹ ò ní ẹ̀sùn ọ̀daràn lọ́rùn, àti lẹ́tà láti àwọn ibi tí ẹ ti ṣiṣẹ́, kí ó ní ìbuwọ́lùwé àti òǹtẹ̀. Ẹ má ṣe láámínéètì ìkankan nínú wọn. Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ni kì í gbé òǹtẹ̀ lé ìwé tí wọ́n ti fi ọ̀rá bò.

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́ sàtífíkéètì àti pásípọ́ọ̀tù yín sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹ sì ka orúkọ tó wà lórí wọn ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ṣé orúkọ àárín wà lórí ọ̀kan tí kò sí lórí èkejì? Ṣé wọ́n kọ ọ́ bákan náà? Obìnrin tó fi orúkọ bàbá rẹ̀ gboyè, tó wá fi orúkọ ọkọ gba pásípọ́ọ̀tù, ìwé ìgbéyàwó ló máa fi hàn wọ́n pé ẹnì kan náà ni. Bí ìwé yẹn bá wà nílé nígbà tí òun ti dé ibi iṣẹ́, ìwé àṣẹ iṣẹ́ rẹ̀ lè dúró fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀.

Ẹ tún bi iléèwé náà bóyá àwọn ìwé yẹn nílò apostille. Apostille ni òǹtẹ̀ tí àdéhùn Hague ti ọdún 1961 dá sílẹ̀, kí orílẹ̀-èdè kan lè tẹ́wọ́ gba ìwé tí ìjọba òmíràn fọwọ́ sí. Àwọn tó ń lọ kọ́ni ní Ṣáínà jẹ àǹfààní rẹ̀ láìpẹ́ yìí: ọjọ́ keje oṣù kọkànlá ọdún 2023 ni àdéhùn náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀. Bí orílẹ̀-èdè tó fún yín ní ìwé tàbí èyí tí ẹ ń lọ ò bá sí nínú àdéhùn náà, ilé iṣẹ́ aṣojú ìjọba ni ẹ máa gbà, ó sì máa ń pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó ṣe kókó ni pé orílẹ̀-èdè tó fún yín ní ìwé náà ló ń fi apostille sí i. Ẹ ò lè dé ọ̀hún kí ẹ tó máa wá a. Ẹni tó bá gbàgbé, ṣe ló máa fi sàtífíkéètì rẹ̀ ránṣẹ́ padà láti òkèèrè, tí á máa retí rẹ̀ nígbà tí ọjọ́ orí físà ń lọ. Bó ṣe rí náà nìyẹn fún ìwé àṣẹ ìwakọ̀ àgbáyé: orílẹ̀-èdè tí ẹ ti gba láísẹ́ǹsì ni wọ́n ti ń fúnni. Bí ẹ bá máa wakọ̀, ẹ ti gbà á kí ẹ tó lọ.

Ẹ ya àwòrán gbogbo ìwé wọ̀nyí sínú fóònù, ẹ fi ránṣẹ́ sí ímeèlì ara yín, kí ẹ sì fún ẹnì kan tí ẹ fọkàn tán nílé ní ẹ̀dà. Ẹ fi fọ́tò pásípọ́ọ̀tù díẹ̀ kún un.

Ó kan oògùn. Bí ẹ bá ń lo oògùn lójoojúmọ́, ẹ má gbà pé ohun tí dókítà kọ fún yín nílé bófin mu níbi gbogbo. Codeine àti tramadol wà lára oògùn tí òfin dè ní Dubai àti gbogbo United Arab Emirates. Ẹ gbọ́dọ̀ ti gbàṣẹ lọ́wọ́ ìjọba wọn kí ẹ tó gbé e wọlé. Ní Jàpáànù, ẹ ò lè gbé oògùn tó ní amphetamine wọlé rárá, kódà pẹ̀lú ìwé dókítà, oògùn dókítà yòókù tó bá sì ju ti oṣù kan lọ nílò ìwé ẹ̀rí tí ẹ gbọ́dọ̀ ti gbà kí ẹ tó wọ ọkọ̀. Ẹ fi oògùn sílẹ̀ nínú páálí tí wọ́n tà á, kí ẹ sì ní kí dókítà kọ lẹ́tà tí orúkọ èròjà oògùn náà wà nínú rẹ̀, nítorí orúkọ tí ilé iṣẹ́ fi ń tà á níbì kan lè má jẹ́ ohun tí wọ́n mọ̀ níbòmíràn. Bí ẹ bá ń lo awò ojú, ẹ gbé méjì, pẹ̀lú ìwé tí dókítà ojú kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí.

Nínú ohun wíwọ̀, bàtà ni mo máa ń tẹnu mọ́. Olùkọ́ ń dúró láti àárọ̀ dé ọ̀sán, bàtà tó bá tóbi kì í sì í wọ́pọ̀ lọ́jà ní ọ̀pọ̀ ibi ní ìlà-oòrùn Éṣíà. Ní Jàpáànù, wọ́n ń bọ́ bàtà ìta lẹ́nu ọ̀nà iléèwé, olùkọ́ àti ọmọ á wá wọ ti inú ilé. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá gùn, kó gbé tirẹ̀ lọ. Aṣọ ò ṣòro: èyí tí ẹ máa fi kọ́ni fún ọ̀sẹ̀ kan, tó bo èjìká àti orúnkún, àti ti ojú ọjọ́ tí ẹ máa bá níbẹ̀. Ti ojú ọjọ́ yòókù, ẹ ó rà á nígbà tó bá dé. Kóòtù ńlá, ara ni kí ẹ wọ̀ ọ́ sí nínú ọkọ̀.

Ẹ gbé ṣájà yín súnmọ́ iná, kí ẹ ka ọ̀rọ̀ kéékèèké tó wà lára rẹ̀. Bí ẹ bá rí «INPUT 100–240V, 50/60Hz», kò síbi tí kò ti lè ṣiṣẹ́. Adápítọ̀ tó bá sọ́kẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ mu ti tó. Bó bá jẹ́ 220–240V nìkan ló kọ, bó ṣe máa ń rí lára áyọ́ọ̀nù àti ẹ̀rọ ìgbẹrun, adápítọ̀ ò lè ràn yín lọ́wọ́ ní Amẹ́ríkà tó ń lo 120V tàbí Jàpáànù tó ń lo 100V, nítorí ẹnu sọ́kẹ́ẹ̀tì ló ń yí padà, kì í yí agbára iná. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Pówà báǹkì ò gbọ́dọ̀ wọ báàgì tó ń lọ sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Ọwọ́ ni wọ́n ń gbé e sí, ó sì gbọ́dọ̀ má ju 100 Wh (ìwọ̀n iná tó ń gbà pamọ́) lọ àfi bí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú bá yọ̀ǹda. Èyí tí wọ́n kọ 20,000 mAh sí lára kò ju nǹkan bíi 74 Wh lọ.

Ó wá ku ohun ìkọ́ni, mo sì mọ̀ pé ìwé kíkà ló ń dùn yín láti fi sílẹ̀. Ìwé wúwo. Ẹ mú ọ̀kan tàbí méjì tí ẹ kì í ṣe iṣẹ́ láìṣí wọn, kí àwọn iṣẹ́ kíláàsì tí ẹ ti fọwọ́ ara yín ṣe wà nínú fúláàṣì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ má fi gbogbo rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan. Ní Ṣáínà, Google ò ṣí, ohun tí ẹ bá tọ́jú sínú Google Drive ò sì ní sí lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ tí kíláàsì bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi àyè ìwé yẹn gbé ni ohun gidi láti inú ayé yín: fọ́tò tí wọ́n tẹ̀ sórí páálí, ti ìdílé, ti àdúgbò, ti kíláàsì tí ẹ ń fi sílẹ̀; owó ẹyọ; tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì; máàpù. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, àwọn ọmọ á máa wò yín, wọn ò ní mọ ohun tí wọ́n máa sọ. Ẹ fún wọn ní fọ́tò kan kí wọ́n máa gbé e láti ọwọ́ dé ọwọ́. Kò ní pẹ́ tí ọ̀kan á fi nàka sí i pé ta nìyí, òmíràn á ní níbo nìyí, ẹ ti ń kọ́ wọn ní ìbéèrè nìyẹn. Àwòrán ojú kọ̀ǹpútà kì í ṣe bẹ́ẹ̀, torí ọwọ́ wọn ò tó o. Gbogbo rẹ̀ ò sì tó kìló kan.

Ẹ ní kí iléèwé fún yín ní ímeèlì olùkọ́ tí ẹ ń gba ipò rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ibẹ̀ tó o. Ẹ bi í ní ohun tó gbé lọ tí kò lò, àti ohun tó wá tí kò rí rà.

Ẹ wọn báàgì nílé. Báàgì kan tó bá ju kìló 32 lọ, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfurufú ò ní gbà á, kódà bí ẹ bá fẹ́ sanwó lé e. Àwọn ìwé, oògùn, kọ̀ǹpútà, aṣọ ìkọ́ni kan àti owó tó lè gbé yín títí owó oṣù àkọ́kọ́ fi máa wọlé, inú báàgì ọwọ́ ni gbogbo wọn ń gbé. Bí báàgì ńlá ò bá dé, ẹ má kúrò ní pápákọ̀ kí ẹ tó fi tó wọn létí, kí ẹ sì gba ìwé ẹ̀sùn tó ní nọ́ńbà. Ẹ tọ́jú tíkẹ́ẹ̀tì kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìwé ìwọkọ̀ yín. Lábẹ́ àdéhùn Montreal ti ọdún 1999, àdéhùn àgbáyé lórí ìrìn àjò ọkọ̀ òfurufú, bí nǹkan bá bà jẹ́ nínú báàgì, ọjọ́ 7 ni ẹ ní láti fi kọ̀wé ẹ̀sùn. Bó bá jẹ́ pé ṣe ló pẹ́ dé, ọjọ́ 21 ni, láti ọjọ́ tí wọ́n bá gbé e fún yín.