Bọ́ílà ń gbóná, orí ń fọ́ wa: ìbéèrè yín lórí hítìn gáàsì ní UK

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Bọ̀dá Ẹnjiníà. Ilé réńtì la wà níbí, èmi, bàálé mi àtàwọn ọmọ. Látìgbà tí òtútù ti dé tá a ti ń tan hítìn ni orí ti ń fọ́ mi ṣáá, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ń sọ pé òòyì ń kọ́ òun, èébì ń gbé òun, ṣùgbọ́n tá a bá ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì báyìí ara wa á yá. Bọ́ílà wa ti gbó, iná tó máa ń hàn nínú gíláàsì kékeré iwájú rẹ̀ ti wá ń pọ́n bí ọsàn. Lánlọ́ọ̀dù ní ṣé ó ń gbóná àbí kò gbóná? Arákùnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa mọ̀ nípa páìpù, ó ní òun á wá ṣí i wò fún £40. Ṣé kó máa bọ̀? — Ìyá Ìbejì, Woolwich

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, mo ti pè yín lórí fóònù kí ìwé yìí tó jáde, torí irú ọ̀rọ̀ báyìí kì í dúró de magasíìnì, mo kàn fẹ́ káwọn tó kù náà gbọ́ ni. Ẹ pa bọ́ílà yẹn. Ẹ ṣí wíńdò, ẹ kó àwọn ọmọ jáde, kí ẹ wá pe nọ́ńbà pàjáwìrì gáàsì, 0800 111 999, tọ̀sán tòru ni wọ́n ń gbé e. Bí ẹnikẹ́ni bá dákú, 999 ni kẹ́ ẹ pè. Ẹ lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà gan-an kí ẹ sì là á mọ́lẹ̀ fún un pé carbon monoxide, gáàsì olóró kan, lẹ ń fura sí, torí tẹ́ ẹ bá kàn sọ pé orí ń fọ́ yín, paracetamol ni wọ́n á fún yín, bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ló yẹ kí wọ́n yẹ̀ wò, tẹ́ ẹ bá sì ti pẹ́ níta kẹ́ ẹ tó débẹ̀, nǹkan yẹn á ti máa kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n lè má rí i mọ́.

Ohun tó jẹ́ kí n fura ni pé ara yín ń yá tẹ́ ẹ bá ti jáde. Tó bá jẹ́ àìsàn fúlúù ni, kò mọ̀ pé ẹ ti kúrò nílé, ẹ jọ máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni. Gáàsì tí kò bá rí atẹ́gùn tó, tàbí tí páìpù tó ń gbé èéfín rẹ̀ jáde bá dí, kì í jó tán, carbon monoxide ló máa ń tú sílé, kò láwọ̀, kò sì lóòórùn. Òórùn tá a máa ń gbọ́ tí gáàsì bá ń jò, ṣe ni wọ́n fi sí i kéèyàn lè mọ̀, èyí ò ní irú ẹ̀. Òun náà ló ń pa àwọn èèyàn wa ní Nàìjíríà tí wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ sí kọ́rídọ̀ tí wọ́n wá lọ sùn. Iná bọ́ílà tó dáa, búlúù ni. Tó bá ti ń pọ́n, tí ara bọ́ílà ń dúdú, tàbí tí omi ṣàdédé ń bò wíńdò níbi tí bọ́ílà wà, ẹ má tàn án mọ́. Ọ̀pọ̀ bọ́ílà tuntun kì í fi iná hàn o, nítorí náà ẹ má sọ pé ẹ̀ ń dúró kẹ́ ẹ rí i.

Lánlọ́ọ̀dù yín ò lẹ́nu ọ̀rọ̀. Òfin ọdún 1998 ti ní kí gbogbo lánlọ́ọ̀dù ní kí wọ́n yẹ nǹkan gáàsì tó jẹ́ tiẹ̀ wò láàárín oṣù 12 síra wọn, kó fún yín ní ẹ̀dà ìwé rẹ̀ láàárín ọjọ́ 28, ayálégbé tuntun sì gbọ́dọ̀ rí i kó tó kó wọlé. Láti October 1, 2022 náà ni wọ́n ti ní kó fi àláàmù carbon monoxide sí yàrá tí bọ́ílà bá wà ní England. Tó bá ń fi yín ṣeré, ẹ kọ̀wé sí i, kẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀dà, kẹ́ ẹ gba káńsù lọ.

Arákùnrin yín ńkọ́? Ó lè mọ páìpù omi dáadáa, ìyẹn ò sọ ọ́ di ẹni tó lè fọwọ́ kan gáàsì. Ẹ ní kó mú káàdì Gas Safe rẹ̀ wá, àwọn ló ń forúkọ àwọn tí òfin gbà láyè láti ṣiṣẹ́ gáàsì sílẹ̀. Fọ́tò rẹ̀ wà níwájú pẹ̀lú nọ́ńbà tẹ́ ẹ lè yẹ̀ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì wọn, ẹ̀yìn ló sì ti máa hàn pé irú iṣẹ́ wo ni wọ́n gbà fún un, torí ẹlòmíì wà tó jẹ́ kúkà nìkan ló lè ṣe, kò lè ṣe bọ́ílà. Tó bá jẹ́ káàdì CORGI ló ń nà sí yín, 2009 ni Gas Safe ti gba ipò yẹn. Tí kò bá ní, ẹ kí i kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó máa lọ, ẹ má wo ojú ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìbéèrè: Ilé tiwa la wà, a ra á ni. Ọwọ́ aago bọ́ílà wa máa ń já sí 0.5, mo máa ń bu omi sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, páìpù kékeré kan sì ń kán omi níta. Ṣé dandan ni sáfíìsì ọdọọdún fún ẹni tó nilé? — Alàgbà kan, Dagenham

Ìdáhùn: Òfin ò fi dandan mú yín, sà, ṣùgbọ́n wáráńtì ọ̀pọ̀ bọ́ílà máa ń bàjẹ́ tẹ́ ò bá ṣe é. Tí bọ́ílà bá tutù, 1 sí 1.5 bar ló yẹ kí ọwọ́ aago yẹn wà (bar ni wọ́n fi ń wọn prẹ́ṣọ̀, ìyẹn bí omi inú rẹ̀ ṣe ń ti ara rẹ̀ tó). Kéèyàn máa bu omi sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìyẹn ti fi hàn pé omi ń jáde níbì kan, omi tuntun yẹn ló sì ń gbé atẹ́gùn wọlé tí rédíétọ̀ fi ń dípẹtà nínú. Páìpù ìta yẹn, ti fáàfù ààbò ni, ó máa ń ṣí tí prẹ́ṣọ̀ bá tó nǹkan bíi 3 bar, lẹ́yìn ìyẹn ó lè má padé dáadáa mọ́. Ẹ wo ìsàlẹ̀ rédíétọ̀ bóyá ó ń rin, ẹ rí i pé ẹ ti téèpù tẹ́ ẹ fi ń bu omi pa, ibi tí ọwọ́ yín dé nìyẹn. Ẹ má ṣí ìbòrí bọ́ílà o! Ẹni tó bá wá ṣe sáfíìsì gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ wọn èéfín, kó yẹ prẹ́ṣọ̀ gáàsì wò, kó fọ ibi tí omi ń gbà jáde. Èyí tó bá kàn nu ara rẹ̀ tó sì gbowó, ìnùlé ló wá ṣe.

Ìbéèrè: Ẹ káàsán sà. Mo ra àláàmù carbon monoxide, ibo ni kí n fi sí? Omi sì dì sínú páìpù funfun tó ti ara bọ́ílà jáde, ó ti kú látàná. — Tẹ̀mítọ́pẹ́, Manchester

Ìdáhùn: Fi sínú yàrá tí bọ́ílà wà, kó jìnnà sí i ní mítà 1 sí 3, má fi sínú kọ́bọ́ọ̀dù, má fi sẹ́yìn kọ́tìn. Wò ó bóyá nọ́ńbà ìlànà àláàmù náà, EN 50291, wà lára rẹ̀, kó o sì wo déètì tó máa kú, torí òun náà máa ń gbó. Ti páìpù yẹn, omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kó o dà sí i láti òkè wá sísàlẹ̀, má da omi tó ń hó sí i kó má lọ là, tó bá ti yọ́ kó o tẹ bọ́tìnì reset lára bọ́ílà. Tó bá jẹ́ pé òkè lo ní láti fi àkàbà gùn kó o tó dé ibẹ̀, pe èèyàn jàre.