Ṣanpéènì: orúkọ ilẹ̀ ni, kì í ṣe orúkọ olúborí

Ẹnìkan bi mí bóyá òótọ́ lohun tí alága ìdúró sọ níbi ìdána tó lọ, pé inú "champion" ni wọ́n ti fa "ṣanpéènì" yọ, torí àwọn tó gba ife-ẹ̀yẹ ló máa ń ṣí i. Rárá o! Ta ló ń kọ́ wọn nírú èyí? Ọdún kejìlélógún rèé tí mo ti ń ta ọtí l'Ékòó, ọ̀rọ̀ yìí ò sì yéé bí mi nínú.

Ilẹ̀ kan ló ń jẹ́ Champagne, ní àríwá ìlà-oòrùn Faransé, níbi tí Reims àti Épernay wà. Ọ̀rọ̀ Látìn fún pápá gbalasa lorúkọ náà ti wá. Pápá yẹn náà ni "champion" ti ṣẹ̀ wá, torí ibẹ̀ làwọn ajagun ti ń pàdé. Mọ̀lẹ́bí ni wọ́n, ọ̀kan ò bí èkejì.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ wo ilé ọ̀hún: ilẹ̀ tó funfun bí ẹfun, òtútù sì mú níbẹ̀ gan-an. Èmi gbà pé òtútù yìí ló bí ọtí náà, kì í ṣe ènìyàn kankan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ẹmu, ó máa tètè yé yín. Ẹmu tuntun ń hó. Bẹ́ ẹ bá dé akèǹgbè rẹ̀ pinpin, ó máa bẹ́. Ewé lásán ni bàbá mi àgbà fi ń dí tiẹ̀ lẹ́nu. Ní Champagne, òtútù a mú kí ìwúkàrà inú wáìnì sùn láì parí iṣẹ́. Bí ooru bá dé, á jí, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Àbùkù ni wọ́n ń pè é láyé ìgbà yẹn, torí ìgò ń bẹ́ lábẹ́ ilẹ̀ níbi tí wọ́n tò ó sí. Dom Pérignon, mọ́ńkì Hautvillers tó kú ní 1715, tí gbogbo ayé ní òun ló dá a sílẹ̀, ìhó náà gan-an ló ń bá jà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ń fi èédú ilẹ̀ yọ́ gíláàsì, ni ìgò wọn kọ́kọ́ lágbára tó láti gbà á. Ẹ ti àtàǹpàkò bọ ìdí ìgò ṣanpéènì: kòtò tó wọnú yẹn ń bá a gba agbára ìhó náà mọ́ra.

Ní 1911, àwọn àgbẹ̀ àjàrà ibẹ̀ fárígá nítorí orúkọ yìí. Àwọn oníṣòwò ń ra àjàrà ibòmíràn, wọ́n ń pè é ní Champagne. Inú bí àwọn àgbẹ̀ náà débi pé wọ́n da wáìnì sódò Marne, wọ́n sì dáná sun ilé ní Aÿ.

Lọ́dọ̀ wa ńkọ́? Ohunkóhun tí ìdérí rẹ̀ bá ti dún "pó!" ti di ṣanpéènì. Ẹmu ọ̀pẹ àti ògùrọ̀ pàápàá, tí igi wọn ò jọra, tí adùn wọn ò jọra, "pámì" làwọn ọmọ wa ń pe méjèèjì.