Kí ló dé tí omi inú pápákọ̀ òfurufú fi ń wọ́n tó báyẹn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń lọ kí ọmọ mi ní London lóṣù tó kọjá, wọ́n gba ìgò omi mi níbi àyẹ̀wò, wọ́n jù ú nù. Mi ò tíì rìn jìnnà tí mo rí irú omi yẹn kan náà tí wọ́n ń tà, iye tí wọ́n pè é á ra mẹ́rin ládùúgbò wa. Ṣé olè kọ́ nìyẹn?

Ìdáhùn: Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ó dunni lóòótọ́. Mo ti bá ẹnì kan tó ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ní pápákọ̀ ṣe àkáǹtì rí, torí náà ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe ń lọ.

Tẹ́ ẹ bá bi ẹni tó ń tajà, owó ṣọ́ọ̀bù ló máa kọ́kọ́ sọ, kò sì parọ́. Ọ̀pọ̀ pápákọ̀ kì í gba owó ilé nìkan, wọ́n tún máa ń gba ìpín nínú gbogbo ohun téèyàn bá tà, tọ́jà ò bá wá tà rárá, iye kan wà tó gbọ́dọ̀ san dandan. Ká ní ìpín yẹn jẹ́ 20 náírà nínú 100, omi tẹ́ ẹ ra ní 1,000, igba náírà ti lọ kó tó kan ẹni tó tà á. Ẹ tún ro ti káàdì tí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gbà kó tó lè wọlé, àti àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe fún páálí omi bí wọ́n ṣe ń ṣe fún báàgì yín.

Ṣùgbọ́n ibi tọ́rọ̀ wà gan-an nìyí: onílé náà, ìyẹn pápákọ̀ fúnra ẹ̀, mọ̀ pé ẹ ò lè jáde lọ ra níta, ìyẹn ló ṣe lè pe iye tó wù ú fún ṣọ́ọ̀bù. Òfin tó ní kí ohun olómi tó bá ju 100 mílílítà lọ má kọjá àyẹ̀wò, ọdún 2006 ló dé, nígbà tí ọlọ́pàá London já ète àwọn tó fẹ́ fi bọ́ǹbù olómi fọ́ ọkọ̀ òfurufú, torí ààbò ni wọ́n ṣe ṣe é, àwọn tó ń ta omi ló wá ń jèrè ẹ̀.

Àhámọ́ nìkan ò sì tó o. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, ẹ ò ríbi lọ, òùngbẹ ń gbẹ yín, síbẹ̀ píọ̀ wọ́tà ò lè fi bẹ́ẹ̀ wọ́n, torí tọ́mọ kan bá pe iye tí ò bójú mu, mẹ́ta míì ti ń sáré bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú abọ́ lórí. Ilé oúnjẹ tí dẹ́rẹ́bà ọkọ̀ ọ̀nà jíjìn bá yà sí l'Oorè ńkọ́? Ẹ ṣáà ti rí bí wọ́n ṣe ń gbé ẹran ńláńlá síwájú dẹ́rẹ́bà láìgba kọ́bọ̀, ẹ̀yin èrò lẹ ń sanwó ẹran yẹn. Ti pápákọ̀ jọ t'Oorè. Ṣọ́ọ̀bù márùn-ún lè wà níbẹ̀ o, onílé kan náà ni gbogbo wọn ń sanwó fún, nígbà míì gan-an ẹnì kan ló ni mẹ́ta nínú wọn.

Wọ́n lè kápá ẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́. Ní pápákọ̀ Portland, l'Oregon ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ní òfin pé iye tí wọ́n ń tà á níta ni kí wọ́n tà á nínú. Ní LaGuardia, New York, wọ́n gbé bíà kan jáde ní 2021 ní nǹkan bíi dọ́là 28, aráyé pariwo, àwọn aláṣẹ ibẹ̀ wá lọ yẹ ìwé owó wò, wọ́n sì mú òfin le sí i.

Ní tiyín, ìgò òfìfo ni kẹ́ ẹ gbé kọjá àyẹ̀wò, kò sẹ́ni tó máa gbà á, ẹ ó rí ẹ̀rọ omi pọn sí i láwọn pápákọ̀ London. Búrẹ́dì, ṣinṣín, gbogbo ìyẹn ń kọjá. Ẹ má ṣe gbé ọbẹ̀ dání o, olómi ni wọ́n kà á sí, inú báàgì tó ń lọ sábẹ́ ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ fi í sí, kẹ́ ẹ sì dì í dáadáa.