Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ọmọkùnrin Mi Máa Ń Tètè Sunkún

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 9, máa ń tètè sunkún bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Bàbá rẹ̀ ní mo ti kẹ́ ẹ bàjẹ́. Ẹnì kan ń polówó oògùn tó ń mú ọkàn ọmọkùnrin le. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Ẹ má rà á, màmá. Inú ń bí mi sí àwọn tó ń fi ẹkún ọmọ ọlọ́mọ pawó. Ẹkún kì í ṣe àìsàn, kò sì sí oògùn tó ń sọ ọmọ di ọkùnrin.

Èrò tó wà nídìí ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ ni pé bí ọmọ bá ti dákẹ́, ìbànújẹ́ ti tán. Irọ́ ni. Lọ́dún 1993, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà èèyàn méjì, James Gross àti Robert Levenson, ní kí àwọn èèyàn wo fíìmù kan tó ń kóni nírìíra, kí apá kan nínú wọn má sì jẹ́ kó hàn lójú. Ojú wọn kò fi bẹ́ẹ̀ sọ nǹkan kan, àmọ́ ìríra náà kò dín kù nínú wọn, àwọn àmì kan nínú ara wọn sì fi hàn pé ara ń ṣe làálàá lábẹ́lẹ̀. Bákan náà ló rí fún ọkùnrin àti obìnrin. Ọmọ tí ẹ bá sọ fún pé "ọkùnrin kì í sunkún" kò gba okun kankan. Ìfarapamọ́ ló kọ́. Nígbà tó bá yá, ìbànújẹ́ rẹ̀ lè máa bá ìbínú jáde, kí ẹ sì máa pè é ní olórí kunkun. Lọ́dún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ọkùnrin tó ń pa ara rẹ̀ ju ìlọ́po méjì obìnrin lọ. Mi ò sọ pé àìsunkún nìkan ló fà á o, ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè sọ pé òun nílò ìrànlọ́wọ́ wà nínú ewu.

Nínú ìbéèrè yín, ẹ sáré kọjá ọ̀rọ̀ yẹ̀yẹ́ yẹn, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Ta ló ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́? Ẹ lọ bá olùkọ́ rẹ̀. Nílé, ẹ jókòó tì í, kí ẹ sọ pé, "Ó dùn ẹ́ gan-an, àbí?" kí ẹ sì gbọ́ tẹnu rẹ̀ tán kí ẹ tó gbà á nímọ̀ràn. Bó bá lu èèyàn, ẹ bá a wí nítorí pé ó lu èèyàn, kì í ṣe nítorí ẹkún. Kí bàbá rẹ̀ náà máa sọ ọ́ létí ọmọ nígbà tí nǹkan bá dun òun fúnra rẹ̀. Òun ni ọmọ yẹn ń wò.

Mi ò tíì rí ọmọ náà o. Bí kò bá jẹun tàbí sùn dáadáa fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Bó bá ní òun fẹ́ kú, ẹ má dúró dọ̀la. Bí ẹ bá sì ti fún un ní oògùn yẹn tẹ́lẹ̀, ẹ mú páálí rẹ̀ dání lọ.